Ayọ̀ dà nínú ojoojúmọ́ yìí? Àwọn ìbéèrè yín àti èsì mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó kọ ọ́ ò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ó ti sú wọn. Ilé ò jó, iṣẹ́ ò bọ́, ẹnikẹ́ni ò kú (àfi ti ẹnì kan ṣoṣo), ọjọ́ kan ṣáà ń tẹ̀ lé ìkejì ni, inú ò sì dùn. Mo mú mẹ́fà nínú wọn. Èyí tó gbà mí lásìkò jù ni mo fi ṣáájú, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló wà níbẹ̀ tí ẹ ò lè sọ ọ́ jáde.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹni ọdún 39 ni mí. Tẹ́lẹ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, ara mi máa ń yá gágá, omijé ayọ̀ á máa bọ́ lójú mi. Ó ti tó oṣù 8 báyìí tó jẹ́ pé tí mo bá ń gbàdúrà, àfi bíi kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo gbààwẹ̀, mo ṣe vigil, pàbó ló já sí. Àwọn tá a jọ ń lọ sí ìjọ ní kí n yẹ ara mi wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mi ò tíì jẹ́wọ́. Mo ti jẹ́wọ́ títí, mo ti wá ń jẹ́wọ́ èyí tí mi ò dá. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni? — Ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀*

Ọmọ mi, ibi tó o ti ní o ti ń jẹ́wọ́ èyí tó ò dá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn mí. Kọ́kọ́ jókòó ná. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ́ ò jọ ti ẹ̀mí rárá. Wákàtí mélòó lò ń sùn lálẹ́? Ìgbà wo lo jókòó jẹun gbẹ̀yìn, tó ò jẹ ẹ́ ní ìdúró? Ìgbà wo ni oòrùn àárọ̀ kàn ẹ́ lára, tí kì í ṣe láti ojú fèrèsé ọkọ̀?

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló kan oorun kan àdúrà. Ó kàn án o. Ṣé o rántí Èlíjà? Wòlíì tó pe iná sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì lójú gbogbo èèyàn, kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Jésébẹ́lì ránṣẹ́ sí i pé òun máa pa á, ọkùnrin yìí bá sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní Olúwa ó tó gẹ́ẹ́, gba ẹ̀mí mi. Àwọn Ọba Kìíní orí 19 ló wà, lọ tún un kà, kó o wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò bá a wí. Kò ní kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ó jẹ́ kó sùn ni. Áńgẹ́lì wá fọwọ́ kàn án, ó ní dìde jẹun, oúnjẹ wà níbi orí ẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Áńgẹ́lì tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní dìde jẹun, torí ọ̀nà tó wà níwájú ẹ jìn. Ìgbà tó jẹun, tó rìn dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́ kékeré yẹn. Oorun méjì, oúnjẹ méjì, kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ìwọ wá gbé ààwẹ̀ lé ara tí ò sùn, o gbé vigil lé ààwẹ̀, o gbé ẹ̀rù lé vigil. Tí fóònù ẹ bá kú, ṣé o máa ń bá a wí ni àbí o máa ń kì í bọ iná?

Mo tún fẹ́ kó o fọkàn sí èyí dáadáa. Tó bá jẹ́ àdúrà nìkan ló gbẹ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló gbẹ, tí oúnjẹ ò wù ẹ́, tí oorun ò wá tàbí tó ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 tó o ti wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ àìsàn ìsoríkọ́ ni, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀. Lọ rí wọn. Tí èrò àtikú bá sì ń wá sí ẹ lọ́kàn, má dúró de èsì mi kankan, sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, ẹni tó lè jókòó tì ẹ́ kó sì mú ẹ lọ sílé ìwòsàn. Kò sí ibi tí ìyẹn ti bu ìgbàgbọ́ ẹ kù.

Ní ti pé bóyá Ọlọ́run kọ̀ ẹ́, jẹ́ n sọ̀rọ̀ Mother Teresa fún ẹ, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó ń kú lọ nígboro Calcutta, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà lọ́dún 1979. Ó kú lọ́dún 1997. Lọ́dún 2007 ni àwọn lẹ́tà tó ti kọ sí àwọn àlùfáà tó fọkàn tán jáde, ẹnu sì ya gbogbo ayé, torí inú àwọn lẹ́tà yẹn ló ti ń sọ pé òkùnkùn ni nínú òun, òun ń gbàdúrà òun ò sì gbọ́ nǹkan kan, bí 50 ọdún ló fi wà bẹ́ẹ̀, ìtura tó rí láàárín ò tó nǹkan. Síbẹ̀ ó ń jí láàárọ̀, ó ń wẹ ẹni tí egbò bo ara ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kẹ́rù lè bà ẹ́ o, 50 ọdún kọ́ ni mò ń bá ẹ wá. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ sí ìjọ yẹn ni, kí wọ́n wá bá wa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí Mother Teresa ò jẹ́wọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, má ṣe vigil kankan. Gbólóhùn kan láàárọ̀, gbólóhùn kan lálẹ́, ó tán. Lọ sùn.

*Àsàláámù àlékúmù. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Tí mo bá ti wà lémi nìkan, ẹkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mùsùlùmí òdodo kì í sunkún báyẹn, pé ìmàní mi ló ti rọ. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ẹni tójú ẹ̀ ò tíì gbẹ*

Wàálékúmù sàláámù, bàbá. Ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́hun á foríjin ìyàwó yín. Kìrìsìtẹ́nì lèmi, torí náà mo kọ́kọ́ lọ bi alfa kan tí mo mọ̀ kí n tó kọ nǹkan kan síbí, ẹ má bínú. Alfa ní kí n sọ fún yín pé nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ń kú lọ, ojú Ànábì da omi. Ó ya ẹnì kan lẹ́nu, ó ní ìwọ náà, òjíṣẹ́ Ọlọ́hun? Ó dá a lóhùn pé àánú ni. Ó ní ojú ń da omi, ọkàn ń bàjẹ́, a ò sì ní sọ nǹkan kan àfi ohun tí Olúwa wa yọ́nú sí. Inú hádíìsì Bukhari ló wà.

Ó tún ní kí ẹ lọ wo Yaqub nínú Súrà Yusuf. Ó sunkún ọmọ ẹ̀ títí ojú ẹ̀ méjèèjì fi funfun. Ànábì Ọlọ́hun ni o! Yaqub tójú ẹ̀ funfun yìí kan náà ló sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n lọ wá Yusuf, kí wọ́n má sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ẹkún ń bẹ lójú, ìrètí ń bẹ lẹ́nu, ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n yín ò burú, ó lè jẹ́ pé ẹkún yín ló ń bà á lẹ́rù, àwọn ọkùnrin míì ò mọ ohun tí wọ́n á ṣe sí omijé àfi kí wọ́n wàásù fún un. Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan: kí ló máa ń pa ìyàwó yín lẹ́rìn-ín? Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ̀rín bá pa ẹ̀yin náà níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ ọ́, ẹ rín in jàre.

*Màmá, kí n má parọ́ fún yín, owó ni ìṣòro tèmi. Ọjọ́ tí owó ńlá bá wọlé, ẹ máa rí i bí inú mi ṣe máa dùn. Ṣé èmi náà nílò ìwúrí ẹ̀mí? — Ẹni tó ń retí owó*

Kówó wá, mo ṣe àmín sí i. Ẹni tí gbèsè fún lọ́rùn, owó ló máa tú u sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìwàásù tàn yín jẹ. Àmọ́ lọ́dún 1978, Philip Brickman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ bá èèyàn 22 tó jẹ lọ́tìrì ńlá, wọ́n bi wọ́n bí nǹkan kéékèèké ṣe ń dùn mọ́ wọn sí, bíi kéèyàn bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó wo tẹlifíṣàn, kí wọ́n dá àpárá fún un, kí wọ́n yìn ín, kódà kó ka ìwé ìròyìn bí irú èyí. Àwọn tó jẹ lọ́tìrì gbádùn ẹ̀ kéré sí àwọn tí ò jẹ kọ́bọ̀. Èèyàn 22 ò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti ka ìwé ìròyìn yìí dé ìdajì lọ́fẹ̀ẹ́ ná, ẹ sì ń gbádùn ẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ilé ni mo wà pẹ̀lú ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Mò ń fọ àwo, mò ń fọ aṣọ, tó bá dalẹ́ màá tún fọ ohun tí mo fọ̀ láàárọ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ pé ká wá Ọlọ́run nínú nǹkan kékeré. Níbo gan-an? Nínú síńkì? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta*

Nínú síńkì ni o, àbúrò mi. Ó lé ní 330 ọdún tí ọkùnrin kan ti kú ní Paris, Brother Lawrence ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣe sójà rí, ogun ti ba ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́, nígbà tó wá wọ ilé àwọn ẹlẹ́sìn Kámẹ́lì, ẹgbẹ́ àwọn ará Kátólíìkì tó fi ayé wọn jìn fún àdúrà, kíṣìnnì ni wọ́n fi í sí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ kíṣìnnì rárá, ó sì sọ ọ́ tààrà, kò ṣe bíi wòlíì. Bí ọdún 15 ló fi wà nídìí ẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú, ó sì sọ pé nínú ariwo kíṣìnnì yẹn, tí èèyàn méjì mẹ́ta ń pe òun lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọkàn òun máa ń balẹ̀ bíi pé orí ìkúnlẹ̀ lòun wà. Ọdún 1691 ló kú.

Mo gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ àná, torí mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò ṣe. Mo gbé fóònù jìnnà, mo ki ọwọ́ bọ omi. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìfófòó ọṣẹ kan wá dúró sẹ́yìn ọwọ́ mi, kò ju èékánná lọ, iná tó wà lókè hàn nínú ẹ̀, fèrèsé hàn nínú ẹ̀, èmi fúnra mi hàn nínú ẹ̀, orí mi fẹ̀, ara mi tín-ín-rín, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè sì ń ṣàn lára ẹ̀ bí epo lórí omi. Mo wò ó títí ó fi bẹ́. Kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Mi ò ríran, mi ò gbóhùn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo wò tí mi ò máa ro ohun tó kàn láti ṣe, mo ní "Olúwa, o ṣé" kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ìkòkò tó jóná nílẹ̀, inú bí mi díẹ̀.

Má wá máa ṣe é sí gbogbo àwo o, ilẹ̀ á mọ́ bá ẹ nídìí síńkì. Àwo kan ṣoṣo, kó o gbá ìyókù lọ bó o ṣe máa ń ṣe. Kó o sì bá mi wò ó bóyá bàbá àwọn ọmọ yẹn náà ò fẹ́ rí Ọlọ́run nínú síńkì lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Àyè tọkọtaya wà níbẹ̀.

*Àǹtí, gbogbo èèyàn tó wà lórí Facebook àti WhatsApp mi ló ń láyọ̀ àfi èmi. Tí mo bá ti wo status wọn tán láàárọ̀, ọjọ́ yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn. Ṣé kí n yáa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́? — Ọmọ ọdún 22*

Fọ́tò wo nìwọ náà gbé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé ọjọ́ tó o sunkún lo yà síbẹ̀? Ẹlòmíì ti wo tìẹ náà, ó ti sọ pé ayé ń yẹ ẹ́.

Kí n tó dá ẹ lóhùn, gbọ́ ìtàn selfie kan. Lọ́dún 2020, Virginia Sturm àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì California tó wà ní San Francisco gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní káwọn àgbàlagbà kan máa rìn síta fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Wọ́n sọ fún apá kan nínú wọn pé bí wọ́n ṣe ń rìn, kí wọ́n máa wo nǹkan bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, kí wọ́n jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Apá kejì ń rìn lásán ni. Gbogbo wọn ń ya ara wọn ní fọ́tò. Nígbà tí wọ́n wá to fọ́tò yẹn, àwọn tó ń jẹ́ kí nǹkan ya àwọn lẹ́nu, bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ara wọn ń kéré sí i nínú fọ́tò, ohun tó wà lẹ́yìn wọn ń gbàyè sí i, ẹ̀rín wọn wá ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Àwọn fúnra wọn ń kéré, ẹ̀rín wọn ń fẹ̀!

Torí náà má pa nǹkan kan rẹ́. Ṣáà gbé fóònù sí yàrá míì mọ́jú, kó o wá aago kékeré tó ń dún láàárọ̀. Tó o bá jí, jáde síta kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o wá nǹkan kan tó o lè wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìkùukùu, eèrà, ohun yòówù tí ò mọ̀ pé ò ń wo òun. Lẹ́yìn náà tó o bá fẹ́ wo status gbogbo ayé, wò ó.

*Màmá, mo ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fìdí rẹmi. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ pé tọdún yìí dandan ni, màá sọ fún gbogbo èèyàn, tí èsì bá dé màá wó lulẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ti wà lórí tábìlì mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìrètí ti wá ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí n jáwọ́ ni? — Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún*

"Ìrètí ti wá ń bà mí lẹ́rù." Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á, ọmọ mi.

Júù kan wà tó ń jẹ́ Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ ni, ọmọ Vienna. Àwọn Násì, ìyẹn ìjọba Hitler ní Jámánì, kó o, àgọ́ ìfìyàjẹni mẹ́rin ló gbà kọjá kí ogun tó parí lọ́dún 1945. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dókítà àgbà inú àgọ́ sọ fún òun pé láàárín Kérésìmesì 1944 sí ọdún tuntun 1945, àwọn tó kú pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àrùn tuntun ò sì dé. Ohun tí dókítà yẹn rò ni pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti gbà lọ́kàn ara wọn pé àwọn á ti délé kó tó di Kérésìmesì. Ọjọ́ yẹn kọjá, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Mi ò fi ìdánwò wé àgọ́ yẹn o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n so gbogbo ìrètí wọn mọ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọjọ́ yẹn já, ó já tòun tìrètí. "Tọdún yìí dandan ni" tí ìwọ náà ń sọ, irú ẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gbé ẹ ṣubú.

Mi ò lè sọ fún ẹ pé wàá yege. Bi ara ẹ léèrè: ká ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èsì yẹn láéláé, ṣé wàá ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà? Tó ò bá ní fẹ́ ẹ, jáwọ́ nínú ẹ̀, ojú ò tì ẹ́. Tó o bá máa fẹ́ ẹ, lọ kó èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, wo ibi tí máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ibì kan náà ni, ibẹ̀ ni kó o gbájú mọ́. Èèyàn kan ṣoṣo ni kó o sọ fún lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ti fọ́ọ̀mù yẹn, lálẹ́ òní, lẹ́yìn tó o bá ti jẹun (o rántí Èlíjà), kọ orúkọ ẹ àti ọjọ́ ìbí ẹ sí i. Kó o dé bírò. Ìyókù dọ̀la.